Gìtá Méjì Àmúdà àti Ìdákẹ́ Ṣẹ̀fíátù

Bí ọkùnrin bá ní ìyàwó méjì, aráyé mọ bí wọ́n ṣe ń pín ọjọ́ láàárín wọn. Gìtá méjì ni Àmúdà ní, kò sì sẹ́ni tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pín ọjọ́ fún gìtá. Láàárọ̀, pupa ló máa gbé. Lọ́sàn-án, ó di dúdú. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á tẹ́ méjèèjì sórí ẹní, á jókòó tì wọ́n, á máa wo ọ̀kan wo èkejì bí ìyá ìbejì tí kò mọ èyí tí ebi ń pa. Ọmọbìnrin tó bá máa fẹ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Ṣẹ̀fíátù, ọmọ Àáfà Yẹ̀kínì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Gídígbó, kò ní in. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé gìtá olóhùn tín-ín-rín ni mò ń wí, béèsì ni, èyí tó ní okùn irin nínípọn mẹ́rin, tó máa ń dún lábẹ́ orin bí ẹni tó ń gún iyán nílé kejì. Ẹni tó ń jó lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá, àmọ́ bó bá dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà á dúró. Àmúdà máa ń bá ẹgbẹ́ olórin kan tẹ̀ ẹ́ n'Íbàdàn lópin ọ̀sẹ̀, á sì padà sí Ìwó bó bá di ọjọ́ Ajé, torí odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀, rédíò ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà Odò-Orí.

Rédíò ló mú Ṣẹ̀fíátù débẹ̀. Lọ́dún 1984 ni, nínú ààwẹ̀. Rédíò bàbá rẹ̀ ṣàdédé yadi, bẹ́ẹ̀ bàbá kì í fẹ́ ṣínu láìgbọ́ wàásù ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Ṣẹ̀fíátù padà dé láti gbà á, Àmúdà ti tún un ṣe tán, ó ti nù ún, ó ti fi pépà wé e. Ṣùgbọ́n kò gbé e fún un. Ó ní kí àǹtí jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun fi etí sí nǹkan kan. Ó gbé gìtá pupa, ó tẹ orin kékeré kan. Ó gbé e sílẹ̀, ó gbé dúdú, ó tẹ orin kan náà. Ó wá tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń retí ìdájọ́.

"Èwo ló dùn jù?"

Ohun tí Ṣẹ̀fíátù gbọ́ ni dùm-dùm-dù-dùm, lẹ́yìn náà ó tún gbọ́ dùm-dùm-dù-dùm. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn, kò lè sọ ìyàtọ̀ wọn. Oòrùn ti ń wọ̀, bàbá ń retí. Ó nawọ́ sí èyí tó sún mọ́ ọn.

"Pupa ni," ló wí.

Àmúdà wò ó, ó wo gìtá, ó ní hẹ̀n-ẹ́n. Ojú rẹ̀ ṣe bákan, àmọ́ Ṣẹ̀fíátù kò ráyè ìyẹn. Ó gba rédíò, ó sáré relé. Ká ní ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn máa dá sílẹ̀ ni, ì bá jẹ́ kí bàbá ṣínu láìgbọ́ wàásù lọ́jọ́ náà.

* * *

Kò pẹ́ sígbà náà tí sòkòtò Àmúdà bẹ̀rẹ̀ sí í ya lemọ́lemọ́. Télọ̀ ni Ṣẹ̀fíátù, ó ti gba fírídọ́ọ̀mù, ó ti ní máṣíìnì tirẹ̀, ó sì mọ sòkòtò tó ya fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi abẹ là. Kò sọ fún un pé òun mọ̀. Ó ń rán an, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Ohun tó fa ọkàn rẹ̀ sí Àmúdà ni bó ṣe máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí Ṣẹ̀fíátù bá ń sọ̀rọ̀, á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á dákẹ́ jẹ́ẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń wá ibi tí rédíò ti bàjẹ́. Ọkùnrin mélòó ló máa ń gbọ́ obìnrin tán kó tó fèsì?

Àbùkù ibẹ̀ ni pé bó bá gbọ́ ọ tán, ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù ló máa fi fèsì.

Ṣẹ̀fíátù kò gbọ́ ohun tó ń jẹ́ píkọ́ọ̀pù rí kó tó mọ Àmúdà, àmọ́ nígbà tó yá, bí wọ́n bá jí i lójú oorun, ó lè là á fún wọn. Irin òòfà ni, tí wọ́n fi wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ wé láìmọye ìgbà, tí wọ́n wá tẹ̀ sábẹ́ okùn gìtá. Bí okùn bá gbọ̀n, píkọ́ọ̀pù á gbọ́, á gbé ohun tó gbọ́ gba inú wáyà lọ sínú àńpìlífáyà, ibẹ̀ ni ohùn á ti jáde sí gbogbo ayé. Àmúdà ní etí gìtá ni. Pupa ní etí méjì. Bí wọ́n bá ṣí méjèèjì dọ́gba, ohùn rẹ̀ á mọ́ kedere, bí wọ́n bá dín ọ̀kan kù, á máa kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Etí kan ṣoṣo ni dúdú ní, tí wọ́n là sí méjì bí awẹ́ obì. Kì í kùn ní tirẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ki bí ògì tó jinná dáadáa.

Gbogbo èyí ni Ṣẹ̀fíátù ń gbọ́ nígbà tó wọ aṣọ tuntun tó fi odindi ọ̀sẹ̀ rán. Àmúdà wò ó, ó ní aṣọ náà dára púpọ̀, ó ní kó wá gbọ́ nǹkan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á tún bi í pé èwo ló dùn jù. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà di méjì, Ṣẹ̀fíátù á ní pupa ni. Àmúdà á mí kanlẹ̀, á tún mú irin tó fi ń tú ìṣó, á máa tú nǹkan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ. Ṣẹ̀fíátù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní gìtá á sinmi lónìí, a ó lè sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn. Àmúdà rẹ́rìn-ín. Ó gbé dúdú lé ẹsẹ̀, ó ní kó fi etí kan igi rẹ̀ lókè, níbi tó yọ ìwo. Ṣẹ̀fíátù wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi etí kàn án. Àmúdà fa okùn tó nípọn jù.

Ohun tí kò dún lójú òde rárá ń dún nínú igi náà. Ó jinlẹ̀, ó sún mọ́ ọn, bí ìgbà tí ẹnì kan ń bá a sọ̀rọ̀ láti inú yàrá, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló ń bá wí. Ara Ṣẹ̀fíátù bù máṣọ. Gbogbo ìbínú rẹ̀ sí gìtá lọ, kò mọ ibi tó gbà. Nígbà tó gbé orí sókè, Àmúdà ń wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sì sọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù.

"Ṣẹ̀fí, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Bí mi ò bá fẹ́ ọ, ta ló máa máa sọ èyí tó dùn fún ọ?"

Inú Àmúdà dùn débi pé kò mọ ibi tí ó máa gbé ọwọ́ sí. Ó ní bàbá òun ní Kuta kò ní ju oko iṣu lọ, òun kò sì ní jẹ́ kó ta oko nítorí ìyàwó. Òun máa ta gìtá kan, òun á fi ṣe gbogbo ètò. Ó kù kí òun mọ èyí tí òun máa tà. Ìdùnnú kò jẹ́ kí Ṣẹ̀fíátù fura sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí.

* * *

Ìyá Àjíkẹ́ tó ń ta kẹrosíìnì ní òdìkejì títì ti rí wọn. Kí Ṣẹ̀fíátù tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé, ó ti jókòó, ó ti mu omi. Wọ́n ti sọ fún Àáfà Yẹ̀kínì pé ọmọ rẹ̀ gbé orí lé àyà olórin ní gbangba ọjà. Ṣẹ̀fíátù ṣàlàyé pé igi gìtá ni òun fi etí kàn. Bàbá bi í pé kí ni ènìyàn ń wá létí igi. Kò rí èsì tí ẹni tí orí rẹ̀ pé lè gbà. Bàbá ní òun kò fi Kùránì tọ́ ọmọ dàgbà kó lọ jẹ́ ìyàwó onígìtá, ọ̀rọ̀ sì parí níbẹ̀.

Ẹni tí kò jẹ́ kó parí ni Àǹtí Fàtímọ̀, àbúrò bàbá, tó ń ta okùn ìránṣọ àti bọ́tìnì. Òun ló tọ́ Ṣẹ̀fíátù láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ní òun á ṣe alárinà. Ó lọ bá Àmúdà, ó ní kó tètè mú àwọn ènìyàn rẹ̀ wá kí ọ̀rọ̀ tó tutù, torí bí ẹ̀gbọ́n òun bá rí àgbàlagbà níwájú, kì í le mọ́. Àmúdà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní kí Àǹtí fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan kí òun fi mọ gìtá tí òun máa tà. Àǹtí fún un. Ó tún padà lọ. Ó bá a tó ti pààrọ̀ okùn gìtá méjèèjì, ó ní òun fẹ́ gbọ́ wọn lákọ̀tun. Ó tún padà lọ. Ó bá a tó ń fi òwú nu píkọ́ọ̀pù. Ààwẹ̀ mìíràn dé, ó lọ. Bàtà alárinà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán nísàlẹ̀.

"Ṣé gìtá ni ọkùnrin yìí fẹ́ fẹ́ ni, àbí ọmọ wa?" ni Àǹtí Fàtímọ̀ bi Ṣẹ̀fíátù.

Ṣẹ̀fíátù gbèjà rẹ̀ lójú Àǹtí, àmọ́ ní ìkọ̀kọ̀ òun náà ń bi ara rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé ọmọ pọ̀n. Bí ènìyàn kò bá lè yan ọ̀kan nínú igi méjì, báwo ló ṣe máa yan òun nínú gbogbo obìnrin Ìwó? Bóyá ohun tí òun pè ní ìfẹ́ kò ju ohùn inú igi lọ.

Nígbà tí Iléyá ọdún kejì ń bọ̀, àwọn ará Olúpọ̀nnà, ìlú tó múlé ti Ìwó, ránṣẹ́. Ọmọ wọn Mùkáílà, tó ń ta páànù, ti rí Ṣẹ̀fíátù níbi ìsọmọlórúkọ kan, ó ní ọmọbìnrin náà ni òun fẹ́. Ọmọlúàbí ni Mùkáílà, kì í mutí, kì í pa ìrun jẹ, ẹnu kò rí nǹkan sọ sí i. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

* * *

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà, Ṣẹ̀fíátù dìde lọ sí Odò-Orí. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa pọ̀ lójú ọ̀nà: wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ mi lónìí, bí o bá fẹ́ mi, wá kí oòrùn tó wọ̀.

Ó bá Àmúdà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti tú gìtá méjèèjì pátápátá. Píkọ́ọ̀pù wọn wà lórí ìwé ìròyìn bí ẹja tí wọ́n yọ ìfun rẹ̀. Ó fẹ́ fi ti dúdú sínú pupa, ó fẹ́ fi ti pupa sínú dúdú, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá igi ló ń dùn ni àbí píkọ́ọ̀pù. Irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbé ojú sókè.

"Àmúdà."

"Ṣẹ̀fí, dúró díẹ̀. Má tíì sọ̀rọ̀. Iná ò ní pẹ́ lọ, jẹ́ kí n lẹ èyí."

Ó dúró. Àmúdà lẹ ọ̀kan, ó lẹ èkejì, ó tú ọ̀kan nínú èyí tó lẹ. Ọ̀rọ̀ tí Ṣẹ̀fíátù tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lẹ́nu rẹ̀ bí iṣu àsun, kò lè gbé e mì, kò lè tu ú dànù. Nígbà tó yá, ó yí padà, ó lọ. Ó gbọ́ tí Àmúdà wí lẹ́yìn rẹ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Inú tó ń bí i náà ló gbé délé, òun ló sì ń bí i lọ́wọ́ nígbà tí bàbá pè é lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti wá tí wọ́n sì ti lọ. Àáfà Yẹ̀kínì jókòó lórí awọ àgbò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ṣẹ̀fíátù, àwọn ará Olúpọ̀nnà ti wá. Mi ò ní fi ọ́ fún ẹni tí o kò fẹ́, ẹ̀sìn kò fún mi láyè ẹ̀. Mò ń bi ọ́, ṣé o fẹ́ Mùkáílà?"

Ṣẹ̀fíátù wo ilẹ̀. Ojú píkọ́ọ̀pù orí ìwé ìròyìn ló ń rí. Ó ń sọ fún Àmúdà nínú ọkàn rẹ̀ pé aláìlójútì ni, òpè ni, òkú igi ni òun àti gìtá rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, èébú ló máa jáde tàbí ẹkún, kò sì yẹ kí èyíkéyìí nínú méjèèjì jáde níwájú bàbá. Ó pa ẹnu mọ́.

Wọ́n kọ́ wa nínú ẹ̀sìn pé bí a bá bi wúńdíá léèrè tó bá dákẹ́, ìtìjú ni, ó ti gbà. Ṣẹ̀fíátù mọ ẹ̀kọ́ yìí láti kékeré, ẹnu bàbá rẹ̀ gan-an ló ti gbọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kàn gbàgbé pé òun ni wúńdíá tí wọ́n ń wí.

"Alihamudulilai," ni bàbá wí. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó lọ sọ fún àwọn ará Olúpọ̀nnà kí wọ́n tó kúrò ní gáréèjì.

Ìgbà tí bàtà bàbá dún lójú ọ̀nà ni ojú Ṣẹ̀fíátù là. Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Àǹtí Fàtímọ̀.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́?" ni Àǹtí bi í.

"Inú ló ń bí mi."

"Sí bàbá rẹ?"

"Sí Àmúdà."

Àǹtí Fàtímọ̀ gbé ọwọ́ lérí. Ó ní látọjọ́ tí òun ti ń ṣe alárinà, òun kò tíì rí ọmọ tó fi ìbínú sí ọkùnrin kan fẹ́ ọkùnrin mìíràn.

* * *

Lọ́jọ́ kejì, kí Àmúdà tó gbéra lọ sí Ìbàdàn, Ṣẹ̀fíátù ti dé ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ tán.

"Ẹ kú iṣẹ́," ló wí. Nígbà tí inú bá ń bí i nìkan ló máa ń fi ẹ bá Àmúdà sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà mọ̀, ó gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé kò sí o?"

"Wọ́n ti fi mí fún Mùkáílà ará Olúpọ̀nnà."

"Ta ló fi ọ́ fún un?"

"Èmi náà ni. Bàbá bi mí, mo dákẹ́. Mo wá sọ fún yín láàárọ̀ àná pé wọ́n ń bọ̀, ẹ ní kí n má tíì sọ̀rọ̀. Mi ò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí bàbá fi fi mí fún wọn."

Àmúdà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwo ibi tó ń jókòó sí. Ó ní òun kò mọ̀. Ìyẹn tún dá kún ìbínú Ṣẹ̀fíátù. Ó ní báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé odindi ọdún kan ló fi ń wá gìtá tó máa tà. Ó ní kí ló le níbẹ̀, ṣé etí rẹ̀ kò sọ fún un ni?

"Etí mi ti sọ fún mi tipẹ́," ni Àmúdà wí. "Dúdú ló dùn jù. Láti ọjọ́ tí mo ti ní in ni mo ti mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò ta pupa?"

"Ìwọ lo ní pupa ló dùn. Láti ọjọ́ tí o wá gba rédíò lo ti ń sọ ọ́, o ò yí i padà rí. Mo ní bí mo bá ta èyí tí ìyàwó mi fẹ́, irú ilé wo ni mo ń kọ́? Mo ní kí n máa tún wọn ṣe títí wọ́n á fi bára mu, kí èyí tó bá ṣẹ́kù lè tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn."

 Ṣẹ̀fíátù wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Gbogbo bàtà Àǹtí, gbogbo okùn, gbogbo òwú, gbogbo ìṣó.

"Àmúdà, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan rí láàárín wọn. Rédíò bàbá mi ni mo fẹ́ gbà lọ́jọ́ náà. Pupa ló sún mọ́ mi."

Wọ́n wo ara wọn. Ọwọ́ ń yún Ṣẹ̀fíátù láti gbá a létí, ó sì ń ṣe é bíi kó dì mọ́ ọn kó má jù ú sílẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tó fi ọdún kan gbáko wá bí Ṣẹ̀fíátù kò ṣe ní pàdánù ohun tó fẹ́, nígbà tí Ṣẹ̀fíátù kò tilẹ̀ fẹ́ nǹkan náà. Inú rẹ̀ bà jẹ́, inú rẹ̀ sì dùn, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù.

"Màá ta méjèèjì," ni Àmúdà wí.

"Ta ló ní kí o ta méjèèjì? Ta èyí tí o kò fẹ́. Kí o sì wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀, kó tó di pé èmi náà di ìyá lÓlúpọ̀nnà."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Dúró, ẹlẹgbẹ́ Àmúdà nínú ẹgbẹ́ olórin n'Íbàdàn, ti ra pupa. Àmúdà kò tún tẹ̀ ẹ́ gbọ́ kó tó gbé e fún un.

* * *

Àǹtí Fàtímọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí orúnkún fi ń dùn ún. Ní ìkẹyìn, Àáfà Yẹ̀kínì ní kí ọmọkùnrin náà wá. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun ti sọ kò ní yí padà, àmọ́ òun kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Mùsùlùmí. Ó ní kó mú ohun tó ń fi ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ lọ́wọ́, kí òun náà fojú rí i.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Aláásárì, Àmúdà àti bàbá rẹ̀ láti Kuta. Àǹtí ti kìlọ̀ pé gìtá nìkan ni kó mú wá, kó fi aṣọ bò ó. Àmúdà gbé gìtá, ó gbé àńpìlífáyà, ó gbé wáyà. Àǹtí fi ìka ìfábẹ̀lá sẹ́nu, ó bù ú jẹ. Bàbá àti ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣẹ̀fíátù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi kùnà lónìí, ọ̀la ni àwọn ará Olúpọ̀nnà máa mú ọjọ́ yìgì.

"Òun nìyí?" ni Àáfà Yẹ̀kínì bèèrè. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Àmúdà ní kò sí iná, láti òwúrọ̀ ni iná ti lọ. Àáfà ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe mọ́ ọn lára, ó so wáyà mọ́ gìtá, ó so àńpìlífáyà mọ́ iná ara ògiri, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó jáde ju tín-ín-tín lọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi èékánná kan irin tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ. Àáfà Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé odi yìí ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pariwo káàkiri ìlú.

Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́. Àmúdà kò lè gbọ́ kí wọ́n pe béèsì lódi.

"Kì í ṣe odi, Bàbá. Ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá jìnnà sí i ni kò ní gbọ́."

Ojú Àáfà le. Bàbá Àmúdà bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ṣẹ̀fíátù jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí yín kan igi rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa Àáfà Yẹ̀kínì. Ó lè kọ ẹ̀yìn sí yàrá tó kún fún ọmọ kéwú, kó sì mọ èyí tó ṣi lẹ́tà kan pè lára àwọn tó jókòó ti ògiri. Etí ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ohùn kan wà tí kò gbọ́, ó ṣòro kó jókòó. Ó ṣí fìlà, ó sún mọ́ Àmúdà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi etí kan igi náà. Àmúdà fa okùn tó nípọn jù.

Àáfà kò gbé orí. Ó ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

"Ó jinlẹ̀," ni Àáfà wí jẹ́jẹ́. Ìgbà náà ló rí ibi tí orí òun wà, pé àyà ọmọkùnrin náà kò ju ìka méjì lọ sí òun. Ó yíjú sí Ṣẹ̀fíátù láìdìde. "Ṣé bí o ṣe ṣe nìyí lọ́jọ́ tí Ìyá Àjíkẹ́ rí ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá."

Bàbá fẹ́ sọ nǹkan. Iná sì dé. Àmúdà ti gbàgbé pé àńpìlífáyà wà ní títàn, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí okùn. Ohun tó jáde mi páànù òkè ilé. Ewúrẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà fò kọjá ìkòkò, àwo bọ́ ní yàrá, Àáfà Yẹ̀kínì sì dé ògiri kejì láìmọ bó ṣe débẹ̀. Àmúdà sáré pa àńpìlífáyà. Kí Ọlọ́run dárí jì í, ó ti ń la ẹnu láti ṣàlàyé iṣẹ́ píkọ́ọ̀pù fún wọn. Ṣẹ̀fíátù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó pa á dé.

 Ṣẹ̀fíátù mọ̀ pé bí òun kò bá sọ ọ́ báyìí, òun kò ní lè sọ ọ́ mọ́ láéláé.

"Bàbá mi, lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ẹ bi mí, mo dákẹ́, ẹ sì rò pé mo gbà. Ọ̀rọ̀ wà nínú ìdákẹ́ mi, ẹ ò sún mọ́ mi láti gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé èmi náà jẹ̀bi, mo ní ẹnu. Àmọ́ kì í ṣe ìtìjú Mùkáílà ló pa mí lẹ́nu mọ́. Àmúdà ni inú ń bí mi sí."

Àáfà Yẹ̀kínì mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀.

"Ṣé inú rẹ̀ ṣì ń bí ọ báyìí?"

"Ní gbogbo ìgbà, Bàbá."

"O sì fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ."

 Bàbá ní òun kò fẹ́ràn orin, òun kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní Àmúdà kò gbọdọ̀ tẹ gìtá níbi tí wọ́n bá ti ń mutí, rédíò ni kó mú ní iṣẹ́. Àmúdà dọ̀bálẹ̀, ó gbà. Àáfà wá jókòó, ó rẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀rọ̀ tí mo gbé lọ fún àwọn ará Olúpọ̀nnà, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, mo ní láti lọ gbà á padà."

Kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ mọ́tò lọ lọ́jọ́ kejì, àgbàlagbà tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, tó lọ jẹ́wọ́ pé òun ṣi ọmọ òun gbọ́. Kò sọ ohun tí wọ́n bá a sọ níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní Mùkáílà ló sin òun dé ìdí mọ́tò, òun sì gbàdúrà fún un. Ṣẹ̀fíátù sunkún nígbà tó gbọ́, torí ìtìjú tí bàbá rẹ̀ gbà jẹ nítorí rẹ̀.

* * *

Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n so yìgì. Àwọn ọkùnrin jókòó lójúde, Ṣẹ̀fíátù wà nínú yàrá láàárín àwọn obìnrin, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Àǹtí Fàtímọ̀ ti kọ́ ọ pé bí wọ́n bá wá bi í, kó kàn sorí kọ́, bí ìyàwó ṣe ń ṣe nìyẹn, àwọn àgbà á mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Àmúdà ti ránṣẹ́ sí i pé Dúró mọ ẹnì kan n'Íbàdàn tó ń ta píkọ́ọ̀pù kan tó dára, kí Ṣẹ̀fí má bínú, òun kàn ní kó gbọ́ ni. Ṣẹ̀fíátù ti bínú. Ó ṣì ń bínú lọ́wọ́ nígbà tí lemọ́mù, arúgbó tí ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n, dé ẹnu ilẹ̀kùn, tó bèèrè bóyá Ṣẹ̀fíátù ọmọ Yẹ̀kínì gbà láti fẹ́ Àmúdà.

Àwọn obìnrin ń retí kó sorí kọ́. Ṣẹ̀fíátù ṣí aṣọ kúrò lójú.

"Mo fẹ́ ẹ," ló wí. Ó wí i débi pé àwọn tó jókòó lábẹ́ igi ọsàn ní òdìkejì ọ̀nà gbọ́, tí àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín. Lójúde, Àmúdà tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́ ọ.

Lemọ́mù padà sí àyè rẹ̀, ó ń mi orí. Ó sọ fún Àáfà Yẹ̀kínì pé irú èyí ṣọ̀wọ́n, pé ìdákẹ́ ì bá ti tó wọn.

Àáfà Yẹ̀kínì kò gbé ojú kúrò lára tẹ̀sùbáà rẹ̀. "Ó ti dákẹ́ fún wa rí," ló wí. "Àwa ni a ò gbọ́."